Orúkọ Tí Màmá Fi Ránṣẹ́

Treichville, Abidjan
Oṣù Kẹta, 1974

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Làtífù,

Mo kí yín, mo kí Màmá wa àti gbogbo ará ilé. Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́? Àrìmíyàù ọkọ mi lọ ra obì ní Anyama; ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Oyún mi ti wọ oṣù keje.

Lẹ́yìn ikú Fatimata ọmọ mi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi àti ọkọ mi wò nílé ìwòsàn. Dókítà ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wa ló pa Fatimata àti Bachirou ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì máa ń mú ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin: “un sur quatre.” Ọkàn Àrìmíyàù balẹ̀. Ó ní, “Tiwa ti kọjá nìyẹn, kódà ó ti lé. Èyí tó ń bọ̀ á yè.” Dókítà mi orí. Ó ní oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́tun ni. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn náà ló tún ń dúró de èyí.

Ẹ bá mi bẹ Màmá. Mi ò ní lè sọ ọmọ yìí ní Kòkúmọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì ń tù mí nínú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níkùn mi ò mọ Fatimata rí, Fatimata náà ò sì mọ Bachirou. Kò sẹ́ni tó ń padà bọ̀.

Aṣọ ọmọ tí ẹ fẹ́ rán, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ọlọ́run á dá yín sí fún àwọn ọmọ yín.

Èmi ni àbúrò yín,
Sàlímátù, ìyá ọmọ méjì.