Eyín Tó Dé Gbẹ̀yìn

                                        Yàrá Ìparí Ọ̀dẹ̀dẹ̀,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                        Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ràn jù,

Láràárọ̀, kí àwọn ará ilé yìí tó jí, mo máa ń lọ sí ilé ìdáná láti se omi. Ife kan péré ni. Bó bá ti hó, màá da iyọ̀ sí i, màá fi ṣíbí rò ó títí n kò fi ní gbọ́ kí iyọ̀ máa ha ìdí ife mọ́, lẹ́yìn náà màá gbé e sójú fèrèsé kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Bí mo ṣe ń dúró dè é, màá máa wo ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ojú pópó. Ó máa ń gbá ewé jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, atẹ́gùn á tún tú u ká, kì í sì í bínú. Bí omi bá ti tutù tó, màá bu ẹnu kan, màá tẹ orí sí apá ọ̀tún, màá jẹ́ kí omi náà jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò tíì dá lóhùn, kí n tó rọra tú u dànù. Apá ọ̀tún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ń sọ̀rọ̀ omi iyọ̀ láìtíì kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn òru. Ṣé ara yín ti ń mókun? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn báyìí, àbí àjà ilé nìkan ló ṣì ń rẹ́rìn-ín sí? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì máa ń sùn lórí àga tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀, tí wọ́n á ní àwọn ò sùn, àwọn kàn ń ronú ni? Orúnkún bàbá wa ńkọ́? Ó wù mí kí n wà níbẹ̀ láti gbọ́ ìdáhùn gbogbo rẹ̀ lẹ́nu yín.

Eyín ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi. Eyín tó máa ń hù kẹ́yìn yẹn ni, èyí tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá ti rò pé òun ti hu eyín tán láyé ló máa ń dé. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi nílé ìwòsàn eyín, mo sì fi ojú ara mi rí i. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú erìgì, ó ń fi orí ti eyín tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni tó wọkọ̀ gbẹ̀yìn tó ní dandan ni káwọn tó ti jókòó sún fóun. Wọ́n ní àyè ò sí fún un. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ yọ ọ́.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí n kò fi pè yín lórí fóònù. Mo mọ̀ yín ni. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi pẹ́nrẹ́n, ẹ ó ti gbé ọmọ pọ̀n, ẹ ó ti wà ní ibùdókọ̀, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ò tíì le! Nígbà tí lẹ́tà yìí bá fi máa tẹ̀ yín lọ́wọ́, eyín náà á ti kúrò lẹ́nu mi, tàbí kó jẹ́ pé mo ti sá.

Látìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ ìyá wa àgbà ni mò ń rò. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń yọ eyín wa? Gbogbo ọmọ ilé ló ti jókòó rí lórí àpótí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Wọn kì í mú òwú kankan láìkọ́kọ́ béèrè pé, “Àwọ̀ wo lo fẹ́?” bíi pé ẹ̀wù tuntun ni wọ́n fẹ́ rán féèyàn. Pupa lẹ̀yin máa ń mú, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ò ní hàn lára rẹ̀. Èmi máa ń pẹ́ kí n tó yan tèmi, mo rò pé bí mo bá pẹ́ tó, eyín náà lè yí èrò padà kó sì dúró ṣinṣin. Wọ́n á so òwú mọ́ ọn, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn oníbàárà wọn kan, obìnrin tó ní kí wọ́n rán aṣọ òun kó fún mọ́ òun lára dáadáa, tó wá di ọjọ́ ìgbéyàwó tí kò lè jókòó, tó ń nàró jẹun bí ẹṣin. Ibi téèyàn bá ti la ẹnu láti rẹ́rìn-ín ni eyín á ti wà lórí tábìlì.

Ẹ̀yin lẹ máa ń di etí mi méjèèjì mú látẹ̀yìn. Ẹ ní bí etí bá ti gbóná, ẹnu kì í mọ ohun tí wọ́n ń fi òun ṣe. N kò mọ ilé ìwé tẹ́ ẹ ti kọ́ irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ títí dòní, bí ẹ̀rù bá bà mí, etí mi ló kọ́kọ́ máa ń tutù. Òórùn yàrá yẹn ṣì wà nímú mi, epo ẹ̀rọ, aṣọ tuntun, àti ìgbóná áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ tútù. Nígbà náà, mo rò pé eyín ni mò ń sunkún fún. Báyìí, mo rò pé inú mi dùn jù níbẹ̀ ni, gbogbo ilé ló máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá wò mí.

Ilé ìwòsàn ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Kànáfùrù ló ń rùn níbẹ̀, àti ọṣẹ. Àga wọn ń gbé èèyàn lọ sókè láìtọrọ àyè, iná ńlá á wá tàn sí èèyàn lójú bíi pé èèyàn jalè. Dókítà eyín náà, bàbá kúkúrú kan tó máa ń kọrin sínú ìbòmú rẹ̀, kò burú rárá. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní, “Báwo lara?” Mo ní, “Ara le, sà. A dúpẹ́.” Wọ́n ní, “Eyín ńkọ́?” Mo ní ó ń ṣe dáadáa. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, bí àgbà bá ti béèrè àlàáfíà, ọpẹ́ la fi ń dáhùn, ilé ì báà máa jó. Wọ́n fi irin kékeré kan tẹ ibẹ̀, omi bọ́ lójú mi, wọ́n ní ṣé ó ń dùn mí. “Díẹ̀díẹ̀ ni, sà. Ẹ má ṣèyọnu.” Bàbá bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni, ká ṣì fi sílẹ̀ ná. Wọ́n fún mi lóògùn, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó jáde. N kò tíì dé ìkòríta tí mo fi mọ̀ pé ara mi ni mo tàn jẹ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi tiẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo tún ń dúpẹ́.

Nígbà tí mo padà lọ lánàá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú bíi tẹni tó fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sẹ́nu. Bí bàbá ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n pariwo pé, “Ara-le-a-dúpẹ́ ti dé o!” Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

“Jókòó,” wọ́n ní. “Lónìí, èmi ò kí ẹ o. Mò ń bi ẹ́ léèrè ni. Ṣé ó ń dùn ẹ́ àbí kò dùn ẹ́?”

“Ó ń dùn mí, sà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Báwo ló ṣe ń dùn ẹ́ tó?”

“Mi ò lè sùn, sà. Mi ò lè jẹun. Ẹ̀rù sì ń bà mí.”

N kò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún. Bàbá náà dá orin dúró. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín tàwọn náà, ìyàwó àwọn ló di àwọn lọ́wọ́ mú, pé àwọn sì fún un lọ́wọ́ débi pé kò lè ro ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tù mí lára ju oògùn lọ.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde ni nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́yìn. Ó ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa gún mi á mú kí ojú mi máa ṣú, àwọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan padà sílé. “Ta ló máa tẹ̀ lé ẹ wá?”

“Wọ́n wà, mà.”

“Àwọn wo ló wà?”

“Àwọn èèyàn mi, mà.”

Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Kí wọ́n tètè dé o. Bó o bá dá wá, a ò ní fọwọ́ kan eyín yẹn.”

Àwọn èèyàn mi! Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní ẹnì kankan níbí. Mo mọ̀ wọ́n o. Mo mọ ẹni tó ń jókòó níwájú mi ní kíláàsì tó ń jẹ ìdí kálàmù, mo mọ ọkùnrin ilé ìkàwé tó máa ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ kó tó sọ fún èèyàn pé ìwé ò sí. Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ sọ mí ní Alákàn, ẹ ní ojú ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan? Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ̀ mí nínú wọn. Bí wọ́n bá kí mi, mo máa ń ní a dúpẹ́, wọ́n á sì kọjá.

Ọmọbìnrin kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó ga, ó lè pariwo, bó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sè. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó bá mi ní ilé ìdáná níbi tí mo ti ń fa ọbẹ̀ mu.

“Ìwọ ọmọ yìí, ọbẹ̀ nìkan? Ṣé ìwọ àti oúnjẹ gidi ń jà ni?”

Mo rẹ́rìn-ín lápá kan.

“Wò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ wú!”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Kò sí nǹkan kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ń dá sanra lápá kan? Ó dáa o. Bó bá di nǹkan kan, kan ilẹ̀kùn mi.” Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, ó ti dé ètè gan-an, kí n tó là á, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti pa dé. Mo pa dà sí yàrá, inú ń bí mi sí ara mi débi pé n kò rántí pé eyín ń dùn mí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbé ọmọ jó díẹ̀. Ẹ bá mi kí bàbá wa, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ̀rọ̀ eyín fún wọn, wọ́n á ní ìwé àkàjù ló fà á. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ ìyá wa àgbà ránṣọ, ẹ máa kán epo sí i, ẹ má jẹ́ kó máa ké.

Lọ́la, kí ọmọbìnrin yẹn tó jáde lọ sí kíláàsì, màá lọ bá a. N kò ní jẹ́ ká kí ara wa pẹ́. Màá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ yọ eyín mi lọ́jọ́ Ẹtì, pé ẹ̀rù ń bà mí gidigidi, pé mo fẹ́ kó bá mi lọ. Bó bá béèrè pé kí lòun fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, màá ní kó kàn jókòó síbi tí mo ti lè máa rí i.

Èmi ni àbúrò yín tí kò ní sá,

                                        Alákàn.