Àdúrà Tí Mo Gbà fún Zulaykha Lórí Pápá

Làtífátù ọmọ mi,

Ohun tí mo fẹ́ rò fún ẹ yìí, bí o bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìgbògbò níbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní ìyá ẹ ti ń ṣarán. Kà á tán kó o tó dá sí i, bí ìwọ náà ò bá sì gbà á gbọ́, mi ò ní bínú, èmi tó ṣojú mi gan-an, mo ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Àsàlámù àlékúm. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ, ṣé àwọn oníbàárà ń sanwó, àbí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ lọ sóde tán kí wọ́n tó wá sọ pé kò bá àwọn mu? Àwa ti Ẹ̀pẹ́ níbí, alíámúdù. Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe ń ṣe, òrùlé ò tíì jò ju ibi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀ lọ, ewúrẹ́ Ìyá Súbérù tó wà nílé kejì ti bímọ, ó sì ń kó wọn wá jẹ ewé ẹ̀gẹ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo ń se oúnjẹ ìkómọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o, pẹ̀lú ìwé díẹ̀ tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà. Mi ò fi fóònù pè ẹ́ torí bí mo bá dé ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni káàdì máa ń tán, ó dà bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń jowú.

Ọ̀rọ̀ Zulaykha ọmọ ẹ ni. Ilé ìwé wọn ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń fi eré kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pe òbí wá wo ohun tí ọmọ mọ̀. Mo bi Àǹtí Fisáyọ̀ tíṣà wọn pé ọ̀sẹ̀ kí lèyí, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ àti àjọyọ̀ ni. Mo ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó kù ńkọ́, kí ni wọ́n ń kọ́ nínú wọn? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé, Mísíìsì Fábíyìí, sọ fún wọn pé ọmọ tó bá gba ipò kìíní nínú eré sísá lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ni wọ́n máa fi mọ́tò gbé lọ sí Ìkòròdú lọ bá ọmọ àwọn ilé ìwé míì díje. Zulaykha ò gbọ́ ìyókù. Ìkòròdú tó gbọ́ yẹn ti tó o. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń sáré lọ pọnmi, ó ń sáré lọ ra iyọ̀, mo ní kó lọ tọ̀ kó tó sùn, ó sáré lọ, ó sáré bọ̀. Mo bi í pé kí ló ń lé e. Ó ní tí àwọn bá dé Ìkòròdú, tí wọ́n bá ti fọn fèrè, òun ò ní dúró níbi tí àwọn tó kù bá dúró sí, òun á máa sáré lọ ni títí dé Ìgbògbò lọ́dọ̀ ẹ. Látìgbà ààwẹ̀ tó o ti mú un wá lo ti ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lo máa wá wò ó. Mi ò dá ẹ lẹ́bi, mo mọ bí iṣẹ́ Èkó ṣe rí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ò mọ̀ ọ́n.

Èmi náà ní iṣẹ́ tèmi lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ ẹ yìí gbọ́n, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n bó bá rí àgbàlagbà, ọwọ́ ló ń jù sí wọn bí ẹni tó ń dá ọ̀kadà dúró. Ó ju ọwọ́ sí Ìyá Súbérù lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí pé èló lọmọ yìí fẹ́ san. Ojú tì mí. Mo wá sọ fún un pé àwọn àgbà ń bọ̀ wá wòran ní ilé ìwé wọn, pé ibikíbi tí ojú ẹ̀ bá ti ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tàgbà, kó kúnlẹ̀, kó kí wọn, kó má sì dìde tí wọn ò bá tíì ṣàdúrà tán, torí ọmọ tó bá dìde láàárín àdúrà, ìdajì ló gbé lọ. A ń kọ́ ọ láàárọ̀, a ń kọ́ ọ lálẹ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ewúrẹ́ Ìyá Súbérù nìkan ni kò tíì kúnlẹ̀ fún.

Jẹ́ kí n tètè sọ ti Ọjọ́rú. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe tó bá dàgbà. Ọlọ́pàá kékeré kan dúró sẹ́nu géètì, mo ti tọwọ́ bọ àpò kí n tó rántí pé eré ni. Nínú kíláàsì, dókítà kan wà níbẹ̀, Qamardeen lorúkọ ẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó gbé okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn. Mo na orúnkún mi sí i. Ó gbé okùn náà lé e, ó ní ó ń dún. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni dókítà, pàápàá láàárọ̀. Ó ní kí n má gun igi mọ́, kí n sì máa jẹ bisikíìtì. Làtífátù, gbogbo ọsibítù tí mo ti lọ, kò sí dókítà tó tíì tẹ́tí sí mi tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ pe Ìyá Súbérù. Kí Àǹtí Fisáyọ̀ tó mọ̀, àwa ìyá àgbà ti tò dé ẹnu ọ̀nà, dókítà sì ti ń sunkún, ó ń pe ìyá ẹ̀. Zulaykha ní tiẹ̀, tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ló gbé kọ́ ọrùn. Wọ́n bi í pé ta ni, ó ní òun ni ìyá òun. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n ní ó ti wà lórí gúrúùpù. Mo bi gbogbo ẹgbẹ́ àsálátù wa, kò sẹ́ni tó rí i. Bó bá gba ọ̀dọ̀ ẹ kọjá, bá mi dì í mú.

Ó wá di àárọ̀ Jímọ̀. Mísíìsì Fábíyìí tẹ́ àga fún àwa àgbà lábẹ́ kánópì, níbi tí eré máa parí sí gan-an, wọ́n ní ká lè ríran dáadáa. Wọ́n na ríbọ́n funfun kan síwájú wa. Wọ́n fọn fèrè. Làtífátù, ọmọ ẹ ò sáré, ó ń fò ni. Morìnsọ́lá, ọmọ oníbúrẹ́dì, ló tẹ̀ lé e, ó sì jìnnà sí i gan-an. Gbogbo kánópì ti dìde, mo ti ń ṣa ẹ̀rín tí mo máa rín sí àwọn tó jókòó tì mí. Ó ku bíńtín kó fi àyà já ríbọ́n, ni ojú ẹ̀ bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú tèmi.

Ó kúnlẹ̀.

Orúnkún méjèèjì ló fi balẹ̀ níwájú ríbọ́n, ó ní ẹ kú ìjókòó o màámá, ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Kí wá ni kí n ṣe? Ẹni tí wọ́n bá kí gbọ́dọ̀ dáhùn. Mo ní Ọlọ́run á dá ẹ sí, wàá dàgbà, wàá dògbó, wàá kàwé já. Ibi tí mo dé rèé tí mo gbúròó ẹsẹ̀ Morìnsọ́lá. Mo rí i kedere o. Ṣùgbọ́n ta ló ń gé àdúrà sí méjì? Mo ń bá a lọ, mo ní ọkọ rere, ọmọ rere, Morìnsọ́lá já ríbọ́n. Àwọn bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ò lè dákẹ́, wọ́n ṣe tiwọn, ọ̀kan tiẹ̀ fi Lárúbáwá kún un, ọmọ tí bàtà ẹ̀ ti bọ́ látìbẹ̀rẹ̀ sì rọra rìn kọjá. Ìgbà tá a ṣàmín tán ni Zulaykha dìde, ó sì sáré dé ibi tí ríbọ́n wà tẹ́lẹ̀. Òun ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Kò sunkún. Ó wá bá mi, ó ní màámá, ṣé àdúrà yẹn kan ti Ìkòròdú?

Ìyẹn ló gbé mi nílẹ̀. Mo lọ bá Mísíìsì Fábíyìí, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ilé ìwé nìyí àbí pápá ẹṣin? Gbogbo ọmọ tó sáré yìí, wọ́n kọjá lára àgbà bí ẹni kọjá lára ògiri, ẹyọ ẹnì kan ló kí wa, òun lẹ wá ní ó gbẹ̀yìn. Wọ́n ní màámá, eré sísá ni. Mo ní ta ló gbé àga wa síbẹ̀? Ká ní ẹ̀yìn igi máńgòrò lẹ tẹ́ ẹ sí, ta lọmọ máa rí kí? Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. Àwọn kan lábẹ́ kánópì ní òótọ́ ni mo sọ, kí wọ́n tún eré náà sá. Àwọn kan ní ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn, kó kí wọn tán kó tó sáré. Ìyá Morìnsọ́lá ní ọmọ tòun náà mọ àgbà kí, pé ó fẹ́ já ríbọ́n ná kó tó kúnlẹ̀ ni. Mo ní irọ́ ni. Ẹni tó ń fọn fèrè ní òun ti ki fèrè bọ àpò, òun ń lọ kírun. Ariwo ta, ó ku díẹ̀ ká bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ bàbá ara wa, kí Ìyá Súbérù tó sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa gbogbo ẹ̀ kú.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n sọ, jẹ́ kí n béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ, torí bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹnu mi ò ní gbà á láti tọrọ nǹkan kan. Fi owó ránṣẹ́, kí n ra kánfáàsì míì fún ọmọ, eré ti la ìsàlẹ̀ èyí, kí n sì ra ohun tí mo máa fi pa orúnkún. Má fi ẹ̀rọ P.O.S. rán an. Lọ́jọ́sí tó o ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tó ni ín ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, mo ní kó gbé e kúrò lóòrùn, kó fẹ́ ẹ, kò ṣe é, ni ẹ̀rọ bá gbé owó mì títí dọjọ́ kejì. Fún dírẹ́bà ní gáréèjì Ìkòròdú. Bí ẹ̀rọ bá jẹ owó, ta ni mo fẹ́ lọ ká mọ́lé? Dírẹ́bà, mo mọ ilé ìyá ẹ̀. Kó o sì tètè rán an, torí èmi àti ọmọ ẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, má gba aṣọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn.

Abẹ́rẹ́ ò ní ṣẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Oníbàárà tó ń sanwó kó tó wọṣọ ni Ọlọ́run máa darí sọ́dọ̀ ẹ. Onílé ò ní bá ẹ nílé lọ́jọ́ tí kò bá sówó lọ́wọ́ ẹ. Wàá jẹ èrè ọmọ ẹ, èmi náà á sì jẹ èrè tìẹ, kó má sì pẹ́ jù. Àmín. Èmi ìyá ẹ, Sèlíátù.

Ohun tí Ìyá Súbérù sọ rèé. Wọn ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Wọ́n wò mí, wọ́n wo Zulaykha tó ṣì ń dúró de èsì, wọ́n ní Sèlíátù, jókòó, ọmọ yìí ò bá ẹnikẹ́ni du ipò, ìyá ẹ̀ ló fẹ́ rí, mọ́tò Ìkòròdú sì ń gbérò ní gáréèjì láràárọ̀, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni pé ipò kelòó ló gbà.