Apẹ̀rẹ̀ tí Màmá Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Shawqi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Kùwéétì. Ara Màmá ti ń yá, orúnkún nìkan ló kù. Láràárọ̀ ni wọ́n ṣì ń fi okùn sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ láti bákónì fún Sabri tó ń ta ẹ̀wà, tí ẹ̀wà rẹ̀ bá sì kéré, wọ́n á ní, "Sabri, ṣé ẹyẹ lo fẹ́ bọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Nígbà tí mo ṣètò ojú kọ̀ǹpútà fún àwọn àgbàlagbà, àwòrán apẹ̀rẹ̀ olókùn ni mo fi ṣe ibi ìdalẹ̀nù, níbi tí wọ́n á máa ju ohun tí wọn ò fẹ́ mọ́ sí. Mo rò pé ohun tó bá wọ inú rẹ̀ ti kúrò nílé nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi níbi iṣẹ́.

Lánàá, Màmá kó gbogbo fọ́tò Bàbá síbẹ̀. Mo ní, "Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo fi ránṣẹ́ sí Shawqi ni. Kí ni apẹ̀rẹ̀ wà fún?"

Gbogbo rẹ̀ ti parẹ́. Mi ò tíì lè sọ fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí fọ́tò Bàbá bá wà lọ́wọ́ yín, bó ṣe ẹyọ kan, ẹ fi ránṣẹ́. Ọlọ́run á dá yín padà bá wa láyọ̀. Màmá ní kí n béèrè bóyá ẹ ti kó ẹrù yín kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, káwọn lè fa okùn sókè.

Àbúrò yín,
Nermine