Ẹlẹ́rìí Kan Ṣì Kù

Atakpamé,
ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 1984.

Gérard, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ilé rẹ ní Lomé. Mo gbàdúrà kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, kí ó má bá ẹnikẹ́ni lórí àìsàn. Àwa níbí, ara le, oúnjẹ ń wọlé, òjò kò sì tíì ba àgbàdo wa jẹ́. Ọkàn tèmi nìkan ni kò jókòó. Bá mi kí Céline, ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Ó kọ̀wé pé ọdún kan péré ló kù kí òun parí ìwé ní lísè, ilé ìwé girama wọn, àti pé ìyàwó rẹ kì í jẹ́ kí òun fọ abọ́ bí òun bá ní ẹ̀kọ́ láti kà. Ẹ ṣeun. Mo ti dúpẹ́ náà títí, n kò lè dúpẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọ̀kan jẹ́ eré, ọ̀kan kì í ṣe eré. Èyí tí kì í ṣe eré ni ẹjọ́ oko igi tíìkì tó wà láàárín ìwọ àti Àpọ̀kẹ́, opó Léon àbúrò rẹ, tí ilé ẹjọ́ yóò tún pè nígbà tí àwọn adájọ́ bá ti ìsinmi dé ní oṣù kẹwàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí láti ibẹ̀, tí mo sì fà á ya. Nítorí náà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọ̀nà eré.

O mọ fíìmù ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èyí tí àwa níbí ń pè ní Adájọ́ Onígíláàsì. Céline ní ẹ̀yin náà ń wò ó. Ọ̀dọ̀ Hilaire, olùkọ́ tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ni àwa ti ń wò ó. Á gbé ẹ̀rọ náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì máa túmọ̀ Faransé fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. Láti oṣù keje tí wọ́n ti dá a dúró, a kò ní ìsinmi mọ́. O rántí ibi tí wọ́n fi wá sí. Wọ́n ní ọmọbìnrin inú fíìmù náà ló dáná sun ilé ìlọta ọ̀gá rẹ̀. Ẹjọ́ ti fẹ́ dẹ́bi fún un tán, ni lọ́yà rẹ̀ bá dìde, ó ní ẹlẹ́rìí kan ṣì kù. Gbogbo ilé ẹjọ́ yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ń ṣí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di oṣù kẹwàá. Ta ni a ṣẹ̀ tí wọ́n fi ṣe wá báyìí?

Lọ́jọ́ Àìkú báyìí, fíìmù kò sí, síbẹ̀ a ń lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Hilaire. Wọn a máa sọ ọ̀rọ̀ òwú àti ajílẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Yvette ìyàwó mi ní ìyá ọ̀gá náà ni yóò wọlé, pé abiyamọ kò ní jókòó wòran kí wọ́n sọ ọmọ ọlọ́mọ sẹ́wọ̀n. Kòkúmọ́, àgbẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Kamina, ní ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìlọta ni. Hilaire bi í pé ọdẹ wo, nígbà tí a kò rí ọdẹ kankan nínú fíìmù náà rí. Kòkúmọ́ ní, “Olùkọ́, ọdẹ tó bá mọṣẹ́, ẹ kì í rí i.” Òun àti Yvette kò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Hilaire wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ gbogbo wa sára ògiri, ó kọ ẹni tí olúkúlùkù ń retí síwájú orúkọ rẹ̀. Iwájú orúkọ tèmi ṣófo. Mo ní n kò mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹnìkan ti Anié dé, ó ní wọ́n ní ẹni tó ń ṣe lọ́yà ti kú ní Faransé, fíìmù náà kò ní padà wá mọ́. A ṣọ̀fọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìwọ tó sún mọ́ ibi ìròyìn, jọ̀wọ́ bá wa wádìí bóyá òótọ́ ni.

Àpọ̀kẹ́ náà ń wá síbẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n fara dà á fún mi. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí lórí bẹ́ńṣì, á máa pa ẹ̀pà, kì í dá sí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yìí, Hilaire mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó ní, “Ìyá Émile, ẹ̀yin náà ò tíì sọ tiyín. Ta ló ń bọ̀?” Àpọ̀kẹ́ kò gbójú sókè. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Atẹ́gùn ló ṣílẹ̀kùn.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín. Mo ní mo ń lọ tọ̀, mo bá gba ilé lọ, mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀.

Gérard, o bi mí léèrè lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, lábẹ́ igi ọsàn ilé mi. O ní, “Étienne, ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tí Léon ń pín oko yẹn?” Mo ní ó ti pẹ́, n kò rántí dáadáa. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mo rántí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, ọ̀pá ló fi rìn dé oko. Èmi àti olóògbé Málọmọ́ ló pè. Ó ní ilẹ̀ náà, láti ojú títì títí dé odò, òun ni òun fi ọwọ́ ara òun rà á, pé òun àti ìyàwó òun ló gbin igi tíìkì sí i, ti Àpọ̀kẹ́ àti Émile ọmọ wọn sì ni. Pèrègún ààlà tí o sọ fún adájọ́ pé bàbá yín ló gbìn ín, èmi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀. Málọmọ́ dì í mú, mo kó erùpẹ̀ bò ó, Léon ní kí n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa nítorí ẹsẹ̀ òun kò lágbára mọ́. Lomé ni ìwọ wà nígbà náà, nítorí náà n kò pè ọ́ ní òpùrọ́. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọ nìyẹn. Èmi ni òpùrọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí. Málọmọ́ sì ti kú, kò ku ẹlòmíràn.

O mọ ìdí tí mo fi dákẹ́, má jẹ̀ẹ́ kí a máa tan ara wa. Ọmọ mi ń sùn nílé rẹ. Mo ń rò ó pé ọjọ́ tí mo bá la ẹnu ni wọn yóò gbé àpótí Céline síta. Yvette náà ń sọ ọ́ sí mi létí lójoojúmọ́: “Bàbá Céline, ẹ ṣáà dákẹ́ ọdún kan sí i. Ẹ jẹ́ kọ́mọ gbàwé ẹ̀rí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa sòótọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.” Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń dùn mí, nítorí oṣù kẹwàá yìí ni wọn yóò dá ẹjọ́ náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo gé apá òsì méjì fún ẹ̀wù kóòtù Hilaire. Ó rò pé àríyànjiyàn fíìmù ló fà á, mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀.

Lánàá mo lọ sí ilé ẹjọ́. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n padà wá lóṣù kẹwàá, pé ìsinmi ni wọ́n wà. Mo ní kí ó kọ orúkọ mi sílẹ̀ lójú mi, torí n kò mọ̀ bóyá ìgboyà mi á lè dúró títí di ìgbà náà. Ó kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Mo gba ọ̀dọ̀ Àpọ̀kẹ́ kọjá, mo sọ fún un. Kò dúpẹ́. Ó ní, “Mo mọ̀ pọ́mọ yín wà lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹn ni mi ò ṣe dárúkọ yín.” Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó ń jókòó tì mí, tó ń pa ẹ̀pà rẹ̀, ó mọ̀. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ọ̀nà tí mo gbà délé.

Yvette fẹ́ kí n kọ́kọ́ wá mú Céline kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ rẹ. Ó ti di ẹrù ìrìnàjò mi sílẹ̀. Mo kọ̀. Bẹ́ńṣì kan náà ni èmi àti ìwọ jókòó lé ní ilé ìwé àwọn Fádà, n kò lè wá yọ ọmọ mi nílé rẹ bí ẹni ń yọ ewúrẹ́ kúrò lágbàlá olè. Bínú sí mi bí o bá ṣe fẹ́. Níwájú adájọ́, jẹ́ kí lọ́yà rẹ pè mí ní òpùrọ́, ìwé yìí ni yóò jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Bí o bá wá fún ẹjọ́ náà, yàrá tí o máa ń sùn sí wà bí ó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, mo fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ náà.

Kí Ọlọ́run tó rínú gbogbo wa ṣọ́ ọ, kí ó fún ọ ní ẹ̀mí gígùn àti ọkàn tó rọ̀. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí èmi àti ìwọ sin ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wa kí wọ́n tó sin wá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì fẹ́,
Étienne aránṣọ.

Àfikún: Céline kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá bi ọ́ pé kí ni bàbá òun kọ, sọ fún un pé mo kí i.