Irin Tí Wọ́n Fi Mú Ọrùn Mi

Àdùkẹ́ mi,

Láti Ìbàdàn ni mo ti ń kí ọ. Má rí ìwé tó dára yìí kí o rò pé mo ti padà sílé-ìwé. Nọ́ọ̀sì ló ń bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ mi ń sinmi.

Ọ̀kadà tó gbé mi ṣubú ní Olúpọ̀nnà kò bí mi nínú tó àwọn olóore tó há mi sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, tí orí mi ń mì bí ti alángbá. Dókítà ní orí ọ̀kadà kejì yẹn ni eegun ìsàlẹ̀ ọrùn mi ti yẹ̀ tán. Wọ́n ti fi irin àti nọ́ọ̀tì dè é, bí ẹni tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Gbogbo ibí ló ń rí mi lára. Ògì wọn ń yọ̀ bí ikun imú. Nọ́ọ̀sì á fi ṣíbí dà á sí mi lẹ́nu, á tún nu ìdí mi. Mo ní kó kúkú fẹ́ mi, ó ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Má jowú; ó ní òun ò fẹ́ ọkọ tó ń rùn.

Bá mi kí Moṣọpẹ́ ọmọ wa. Ọkọ́ mi tí n kì í yá ẹnikẹ́ni, gbé e fún Ọláwọlé àbúrò rẹ. Kó máa fi ro oko iṣu wa lọ.

Èmi ni,
Oyèdàmọ́lá