Ọwọ́ Kankan Ò Kan Okùn Náà

Ìyìnolúwa ọmọ mi,

Àìná ìyá rẹ kú lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé Àjíǹde tó kọjá. Ìwọ náà mọ̀, ìwọ lo pa ojú rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ní kí Olùkọ́ Adéoyè tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ti bẹ̀rẹ̀, torí láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kò ti rọ̀ lẹ́nu mi mọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n tún fi ọwọ́ mi sin ẹnikẹ́ni nínú yín. Àgbàdo ti gbẹ lóko, ewúrẹ́ ìyá rẹ bímọ, ọ̀kan kú nínú wọn.

Mo kúrò ní Kútọnu láìkí ọ, inú ló bí mi. Àbúrò rẹ Benjamin ló ní kí n wá máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Ganhi kí ìrònú má baà pa mí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní àpótí funfun tí àwọn tó fa íńtánẹ́ẹ̀tì gbé síbẹ̀ ń gbóná jù, pé kí Háàrúnà tó ń bá a ṣiṣẹ́ yọ ọ́ kúrò, kó ki okùn bọ inú rúútà tààrà, ìyẹn àpótí kejì tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn oníbàárà. Irin kékeré bí ìka ọwọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tì bọ rúútà, mọ́dúlù ni wọ́n ń pè é, ihò rẹ̀ ni okùn ń wọ̀. Háàrúnà lọ rà á ní ọjà Dantokpa. Okùn ọ̀hún, wọ́n ní dígí ló wà nínú rẹ̀, pé ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú dígí náà. Mo wò ó, mi ò rí ìmọ́lẹ̀.

Háàrúnà ṣí ìdérí orí okùn, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó lọ dá oníbàárà lóhùn. Mo wo ihò irin náà, ó kéré. O mọ̀ pé aránṣọ ni mí. Òwú gbígbẹ kì í wọ ojú abẹ́rẹ́. Látìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ìyá rẹ ló ń fi itọ́ rẹ òwú fún mi. Mo bá fi orí okùn náà sẹ́nu, mo rẹ ẹ́ dáadáa. (Olùkọ́ Adéoyè dá kíkọ dúró níbí, ó ń wò mí, ó lóun fẹ́ sọ nǹkan. Mo ní lẹ́tà tèmi ni, kó máa kọ.) Háàrúnà dé, ó tì í, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Iná pupa ló tàn lára rúútà, íńtánẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Ó yọ okùn, ó fi aṣọ nù ún, ó yíjú sí rúútà. Mo rí i pé ó ti nu iṣẹ́ mi kúrò, mo tún un rẹ. Ó tún tì í bọ̀ ọ́, pupa náà ni.

Àwọn oníbàárà ń pariwo. Benjamin ní ayédèrú mọ́dúlù ni Háàrúnà rà, pé ó fi ìyókù owó sápò, ó pè é ní olè lójú gbogbo ènìyàn. Háàrúnà fi Kùránì búra. Ó ní irin náà ò lábùkù, ìdọ̀tí ni okùn yẹn ń bẹ̀rù, bí ìka lásán bá kàn án lórí, ìmọ́lẹ̀ ò ní kọjá, ẹnì kan ló ti fọwọ́ kàn án. Benjamin bi mí pé Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó níbẹ̀, ta ló fọwọ́ kàn án? Mi ò purọ́ rí. Mo ní ọwọ́ kankan ò kàn án lórí. Òótọ́ ni, ara ike tó bò ó ni mo dì mú, ẹnu ni mo fi ṣe ìyókù, ẹnu mi ò sì dọ̀tí, mo ti rin orín láàárọ̀. Háàrúnà wò mí, ó ní Bàbá, ẹ ti pa mí. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Benjamin ní tó bá di ọjọ́ Ajé òun á fà á lọ sí kọmísáríà àwọn ọlọ́pàá, ẹ̀rí mi lòun sì máa gbé lọ síbẹ̀. Mo ní ọmọ yìí kì í ṣe olè. Ó ní ṣebí èmi náà ni mo jẹ́rìí. Mo dìde, mo wọ mọ́tò wálé.

Fi owó epo àtùpà ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi ti awò ojú kún un. Onímọ́tò ni kí o fún, má fi í sínú fóònù, mo ti tú tèmi wò, kò sí àyè owó níbẹ̀. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀, o ò ní ṣọ̀fọ̀ ọmọ.

Ìyá rẹ ni ìbá dá ẹjọ́ yìí. Kò sí. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ lo kàwé. Lọ sí Ganhi kí ọjọ́ Ajé tó pé, ka gbogbo ohun tí mo sọ yìí sí etí Benjamin àti Háàrúnà, má fo ìkankan, kí o sì dá a bó ṣe tọ́, ì báà ṣe èmi ló máa jẹ̀bi. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó di ọwọ́ rẹ.