Èémí Tí Mo Tì Mọ́nú Àpótí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní òun ò tíì dàgbà tó ẹni tó ń lo ọ̀pá. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ. Ọmọ rẹ ti sanra díẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ ti ká, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún ọ. Ike kékeré tí o fi ránṣẹ́, tí ọmọ á máa fà sẹ́nu bí ikọ́ fée bá gbé e, mo tì í mọ́nú àpótí aṣọ mi. Mo rò pé èémí ìlú ńlá ni wọ́n rọ sínú rẹ̀, mo ní ká má fi ṣòfò, ká ṣì máa mí ti ibí ná, ṣebí ọ̀fẹ́ ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ikọ́ gbé e ní kíláàsì. Tísà rẹ̀ wá ike nínú báàgì, kò rí i, ló bá gbé ọmọ sórí alùpùpù wá bá mi. Níbi tí mo ti ń kánjú ṣí àpótí, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ètè ọmọ ti dúdú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Nígbà tí ọmọ fa ike náà tí àyà rẹ̀ sì rọlẹ̀, tísà ò bú mi. Ó jókòó sórí àpótí yẹn gan-an, ó ní oògùn ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́, ibi tí ọmọ bá wà ni kó máa wà. Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù, kí gbogbo tísà lè mọ ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló ń fa ikọ́ náà, mo kọ eruku, èéfín, àti àbúrò bàbá rẹ obìnrin nítorí lọ́fínńdà rẹ̀. Wọ́n ní ta ni kí àwọn pè bó bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run síwájú, mo kọ ìwọ tẹ̀lé e. Tísà ní kò sí nọ́ńbà níwájú ẹni àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìgbà tìrẹ. Ikọ́ kan náà, kò sí ike, kò sí fọ́ọ̀mù. Ṣé o rántí tísà yín tí ẹ ń pè ní Alákìísà? Omi ló máa fi ń rẹ àkísà kó tó nu pátákó, kí eruku ṣọ́ọ̀kì má baà bọ́ sí ọ nímú. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló fi ọ́ sí. Bí àwọn yòókù bá ń sáré ìje, á bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún ọ kí o máa ka ìṣẹ́jú, ìwọ sì ni ọ̀gá gbogbo wọn lọ́jọ́ náà. Bí ikọ́ bá gbé ọ, á kúnlẹ̀ tì ọ́, á ní rọra mí, a ò kánjú lọ síbì kankan. Ọlọ́run ti pè é báyìí. Àárò rẹ̀ sọ mí gan-an.

Fọ́ọ̀mù náà parí síbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó ń fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ Alákìísà ni mo kọ síbẹ̀. Lánàá, ọmọ rẹ dé láti ilé ìwé, ó ní òun wúkọ́ díẹ̀, ni gbogbo kíláàsì bá pa ohùn pọ̀ pé rọra mí, a ò kánjú lọ síbì kankan. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Jọ̀ọ́, fi owó ike kejì ránṣẹ́, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ilé ìwé. Fi díẹ̀ lé e fún ọ̀pá bàbá rẹ, má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀. Èémí ò ní wọ́n ọ láyé. Bí ìlú yẹn bá sì ń fún ọ láyà nígbà míì, rọra mí, ọmọ mi.

Èmi ni ìyá rẹ. Àpótí yẹn, mi ò tì í mọ́.